Bríídà Ẹ́ńjìnnì: Ìtọ́jú Ọkọ̀ Tó Ti Pẹ́ ní Imeke àti Agbègbè Àgbádárìgì

Bí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ tó ti dàgbà bá ń da ọ́ìlì, síìlì ni ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì máa ń bá wí. Wọ́n á tú u, wọ́n á fi tuntun sí i, kò sì ní pẹ́ tí ọ́ìlì á tún máa kán sílẹ̀. Kí ẹ tó náwó lé síìlì, ẹ wo bríídà ná, ìyẹn ọ̀nà tí ẹ́ńjìnnì ń gbà mí.

Bí epo bá ń jó lórí písítìn, díẹ̀ nínú afẹ́fẹ́ gbígbóná ibẹ̀ máa ń gba ẹ̀gbẹ́ ríìǹgì yọ́ lọ sísàlẹ̀, níbi tí ọ́ìlì wà. Ó gbé oru omi, bẹntiróòlù tí kò jó tán àti ásíìdì dání. Láyé ọjọ́un, ọ̀pá kan ló ń da gbogbo rẹ̀ sí títì, títí California ní Amẹ́ríkà fi bẹ̀rẹ̀ òfin lórí rẹ̀ ní 1961. Láti ìgbà náà, ẹ́ńjìnnì ń fa á padà sínú ara rẹ̀, ó sì ń jó o. Fáàfù kékeré tí àwọn tó ń ta sípéà ń pè ní PCV ló ń díwọ̀n ohun tó ń kọjá. Bí fáàfù yìí bá dí, afẹ́fẹ́ náà kò ríbi gbà mọ́, òun ló ń ti ọ́ìlì jáde lójú síìlì.

Kí ìjọba àpapọ̀ tó fòfin de kíkó ọkọ̀ gba ẹnubodè orí ilẹ̀ wọlé ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ 2017, Sẹ̀mẹ̀ ni ọ̀pọ̀ Tòkunbọ̀ ń gbà wọlé láti Kútọnu. Àwọn tó ṣì ń rìn nínú wọn ti gbó, rọ́bà wọn sì ti gan. Ìrìn kúkúrú tún ń dá kún ìṣòro bríídà: láti Imeke dé ọjà Agbalata, ọ́ìlì kì í gbóná tó láti lé omi ara rẹ̀ jáde. Nígbà òjò, ẹ ó rí nǹkan funfun bí òrí tó lẹ̀ mọ́ abẹ́ ìdérí ọ́ìlì. Ṣùgbọ́n bí omi rédíétọ̀ bá ń dínkù pẹ̀lú rẹ̀, gáskẹ́ẹ̀tì ni kí ẹ yẹ̀ wò, kì í ṣe bríídà.

Láti yẹ bríídà wò, ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì máa ṣiṣẹ́ lójú kan. Ẹ yọ fáàfù kúrò lára ìdérí orí ẹ́ńjìnnì, kí rọ́bà rẹ̀ ṣì wà lára rẹ̀, kí ẹ fi àtàǹpàkò dí ẹnu rẹ̀: ó yẹ kó fà yín lọ́wọ́. Ẹ pa ẹ́ńjìnnì, ẹ mi fáàfù náà létí. Bí kò bá dún ṣẹkẹṣẹkẹ, ó ti kú. Bí ó bá dún náà, ẹ má tíì fọkàn balẹ̀, nítorí sípíríǹgì tó ti rọ ṣì ń dún. Fáàfù tuntun kò wọ́n ní ọjà sípéà ASPAMDA, ní Trade Fair. Rírà rẹ̀ sàn ju kí a máa fi bẹntiróòlù fọ ti àtijọ́ lọ. Rọ́bà tó ń gba ọ́ìlì ni kí ẹ rà, torí pé rọ́bà omi máa ń wú, á sì pa pọ̀.

Ohun kan wà tó ń dùn mí: kí wọ́n já rọ́bà bríídà, kí wọ́n dá a kọ́ sísàlẹ̀ kí èéfín máa jáde. Omi àti ásíìdì á wà nínú ọ́ìlì, eruku á sì máa bá ẹnu rẹ̀ wọlé.

Nínú Ẹrẹ́nà, kí òjò tó dé, àti nínú Belu, lẹ́yìn tó ti dá, ni kí ẹ yẹ̀ ẹ́ wò, pẹ̀lú gbogbo ìgbà tí ẹ bá pààrọ̀ ọ́ìlì. Lẹ́yìn ọyẹ́, ẹ wo fílítà afẹ́fẹ́ náà. Bí ọ́ìlì bá ti rin ín, bríídà ló ń tì í débẹ̀. Bí ẹ bá ti pààrọ̀ fáàfù àti rọ́bà, tí èéfín ṣì ń tú jáde lẹ́nu ibi tí a ń da ọ́ìlì sí, ẹ ní kí mẹkáníìkì wọn agbára sílíńdà kọ̀ọ̀kan, nítorí ríìǹgì ló kù.