Kí ló dé tí ìjọba Ghana fi pín ìrẹsì fún apẹja kí wọ́n má baà lọ sójú òkun?

Ní ọdún 2019, ìjọba Ghana dá àwọn apẹja tó ń lo ọkọ̀ onígi dúró fún oṣù kan gbáko, láàárín oṣù Karùn-ún sí oṣù Kẹfà. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí irú rẹ̀ wáyé fún wọn. Èrò ìjọba ni pé kí ẹja rí àyè yé ẹyin, kí àwọn ọmọ ẹja sì dàgbà kí àwọ̀n tó kó wọn.

Àrùn Kòrónà kò jẹ́ kí ó wáyé ní 2020. Láti 2021 títí di 2024, oṣù Keje ni wọ́n fi ń ti òkun. Láàárín àwọn ọdún náà, ìjọba pín ìrẹsì àti òróró fún àwọn ìlú etíkun kí ebi má baà pa wọ́n.

Àmọ́ ní 2025, ìjọba yọ àwọn ọlọ́kọ̀ onígi kúrò nínú òfin náà. Ohun tó dé ibẹ̀ fi hàn pé kì í ṣe kí ìjọba náwó nìkan ni yóò dá ẹja padà. Ibi tí owó náà ń lọ ṣe pàtàkì.

Kí ló ṣe ẹja Ghana?

Ẹja tí ọ̀rọ̀ yìí kàn jù ni sardinella àti àwọn ẹja kéékèèké mìíràn tó máa ń rìn lágbo. Àwọn ni mẹ̀kúnnù máa ń rà, yálà tútù tàbí èyí tí wọ́n ti yan.

Ní 1992, àwọn ọlọ́kọ̀ onígi kó ju 100,000 tọ́ọ̀nù sardinella wá sí èbúté. Nígbà tó fi máa di 2019, iye náà ti já wálẹ̀ sí nǹkan bíi 12,000 tọ́ọ̀nù.

Bẹ́ẹ̀, àwọn tó ń gbé orí rẹ̀ jẹun kò dínkù. Ìkànìyàn tí wọ́n ṣe ní etíkun lọ́dún 2016 fi hàn pé ọkọ̀ onígi lé ní 11,000, àwọn apẹja tó wà nínú wọn sì lé ní 100,000. Èyí kò ka àwọn obìnrin tó ń ra ẹja létí omi, tí wọ́n ń yan án, tí wọ́n sì ń gbé e lọ sọ́jà. Nínú wọn la ti ń rí àwọn tó máa ń yá ọlọ́kọ̀ lówó epo àti àwọ̀n. Bí ọkọ̀ kò bá lọ sójú òkun, gbèsè náà kò ní sinmi.

Ọ̀nà wo ni owó ìjọba ń gbà?

Èkíní ni ìrànwọ́ oúnjẹ lásìkò tí wọ́n bá ti òkun. Ẹ̀sùn tí àwọn apẹja máa ń fi kàn án ni pé kì í kárí, àti pé ó máa ń pẹ́ kó tó dé. Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́.

Èkejì ni owó ìrànwọ́ orí epo. Premix ni wọ́n ń pe epo tí àwọn ọlọ́kọ̀ onígi ń lò: bẹntiróòlù tí wọ́n po mọ́ ọ́ìlì ẹ́ńjìnì ni. Ìjọba ló ń san lára owó rẹ̀ kí ó lè dínwó fún apẹja. Ìrànwọ́ ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n epo olówó pọ́ọ́kú ló ń mú kí ọkọ̀ púpọ̀ lè lọ jìnnà láti wá ẹja tí kò pọ̀ mọ́. Ìjọba kan náà tó fi ìrẹsì bẹ apẹja pé kó jókòó sílé ló ń fi epo tì í lọ sójú òkun.

Ẹ̀kẹta ni owó ìṣọ́ òkun. Báńkì Àgbáyé bá Ghana dá sí ètò àbójútó ẹja láti nǹkan bíi 2012 pẹ̀lú owó tó lé ní 50 mílíọ̀nù dọ́là. Síbẹ̀, ní oṣù Kẹfà 2021, àjọ ìṣọ̀kan ilẹ̀ Yúróòpù, EU, kìlọ̀ fún Ghana pé kò ṣe tó láti dènà ẹja pípa tó lòdì sófin. Iṣẹ́ ìṣọ́ náà sì léwu: ní 2019 àti 2023, òṣìṣẹ́ tí wọ́n fi sínú ọkọ̀ láti máa ṣọ́ bí wọ́n ṣe ń pẹja pòórá lójú òkun.

Kí ló ń bí àwọn ọlọ́kọ̀ onígi nínú?

Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé àwọn ọkọ̀ ìpẹja ńlá ló ba òkun jẹ́. Owó àwọn iléeṣẹ́ China ló wà lẹ́yìn ọ̀pọ̀ nínú wọn. Òwò kan wà tí wọ́n ń pè ní saiko: ọkọ̀ ńlá yóò kó àwọn ẹja kéékèèké tí kò yẹ kó kó, yóò sọ wọ́n di yìnyín, yóò sì tà wọ́n lójú òkun fún àwọn tó máa gbé wọn wá sí èbúté. Àwọn àjọ EJF àti Hen Mpoano ṣírò rẹ̀ pé nǹkan bíi 100,000 tọ́ọ̀nù ẹja gba ọ̀nà saiko ní 2017 nìkan.

Ọwọ́ àwọn ọlọ́kọ̀ onígi náà kò mọ́ tán. Àwọn kan ń lo iná láti fa ẹja mọ́ra lóru, àwọn mìíràn ń lo àwọ̀n olójú kéékèèké tàbí ẹ̀tù.

Síbẹ̀, kì í ṣe pé wọn kò mọ ohun tí ìsinmi jẹ́ fún òkun. Ní ọ̀pọ̀ ìlú Fante àti Ga, èèwọ̀ ni láti pẹja lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Ìjọba kò san kọ́bọ̀ fún èyí, wọ́n sì ń pa á mọ́ nítorí pé gbogbo wọn ló kàn.

Kí ló yípadà ní 2025?

Lọ́dún náà, àwọn ọkọ̀ ńlá nìkan ni wọ́n dá dúró fún oṣù Keje àti Kẹjọ, àwọn ọkọ̀ alábọ́ọ́dé sì sinmi fún oṣù Keje. Ní oṣù Kẹjọ kan náà, Ààrẹ John Mahama buwọ́ lu òfin ẹja tuntun, èyí tó sún ààlà omi tó jẹ́ ti àwọn apẹja kéékèèké láti nǹkan bíi kìlómítà 11 sí kìlómítà 22 sí etíkun.

Inú àwọn ọlọ́kọ̀ onígi dùn sí èyí. Ṣùgbọ́n oṣù Keje sí Kẹsàn-án ni omi tútù máa ń ru sókè láti ìsàlẹ̀ òkun Ghana, tí oúnjẹ ẹja máa ń pọ̀, tí sardinella sì máa ń yé ẹyin. Àsìkò náà gan-an ni ọkọ̀ onígi wá lómìnira láti ju àwọ̀n lọ́dún 2025.

Ààlà tuntun náà nílò ọkọ̀ ìṣọ́, epo àti owó oṣù àwọn ẹ̀ṣọ́ lóṣooṣù. Bí ìyẹn kò bá sí, orí ìwé lásán ni kìlómítà 22 náà yóò wà, ẹja ni yóò sì san gbèsè rẹ̀.