Ẹni tó bá béèrè nípa bọ́ọ̀lù, ẹ dá a lóhùn



Ní ọjọ́ Sátidé, 27 oṣù Kejìlá 2025, Bẹ̀nẹ̀ na Botswana ní 1–0 ní CAN tó wáyé ní Maroc. Àwa náà wà lára àwọn tó péjọ síwájú tẹlifíṣọ̀n kan ní Pobè. Àwọn ọ̀dọ́ ń pariwo pé ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí Bẹ̀nẹ̀ máa borí ní CAN. Ìyá àgbà kan jókòó sẹ́yìn, wọn kì í sábà wo bọ́ọ̀lù. Ìyá wá béèrè pé: « Ìgbà àkọ́kọ́ kẹ̀? Ṣebí àwa la lé Maroc lọ sílé lọ́jọ́sí? »

Gbogbo èèyàn bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀dọ́ kan ní: « Ìyá, ẹ fi bọ́ọ̀lù sílẹ̀ fún àwọn tó mọ̀ ọ́n. » Ìyá rọra dìde, wọ́n gbọn aṣọ wọn, wọ́n lọ. Nígbà tí a gbá bọ́ọ̀lù pẹ̀lú Sénégal ní ọjọ́ 30, a wẹ̀yìn, a ò rí wọn.

Ohun tó ń dùn wá ni pé kò sẹ́ni tó dá Ìyá lóhùn. Àwa tí a jẹ́ olùkọ́ pàápàá ò sọ nǹkan kan. Bẹ́ẹ̀ ìbéèrè yẹn ló dára jù lọ́jọ́ náà. Ẹ jẹ́ ká dáhùn rẹ̀ wàyí.

Ìdáhùn tó yẹ kí Ìyá gbà

Ní 2019, CAN wáyé ní Íjíbítì. Orílẹ̀-èdè 24 ló kópa, wọ́n pín wọn sí ìsọ̀rí 6. Ẹni tó bá borí máa gba póìntì 3. Bí wọ́n bá ta ọ̀mì, kálukú gba póìntì 1. Bẹ̀nẹ̀ ta ọ̀mì pẹ̀lú Gánà 2–2, pẹ̀lú Guinée-Bissau 0–0, pẹ̀lú Cameroun 0–0. Póìntì 3 péré, a sì ṣe ipò kẹta. Ṣùgbọ́n nínú àwọn 6 tó ṣe ipò kẹta, àwọn 4 tó dára jù máa ń tẹ̀síwájú. Báyìí la ṣe kọjá láìborí ẹnikẹ́ni.

Ní 5 oṣù Keje, a pàdé Maroc. Moïse Adilehou gbá ayò kan wọlé fún wa, Maroc dá a padà. Nígbà tí àsìkò fẹ́ tán, wọ́n fún Maroc ní penalty. Hakim Ziyech gbá a, bọ́ọ̀lù lu òpó! Wọ́n fi ìṣẹ́jú 30 kún eré, ọ̀kan nínú tiwa gba káàdì pupa, síbẹ̀ 1–1 ló wà. Ìgbà náà ni wọ́n wá lọ sí tirs au but, tí wọ́n ń gbá a lọ́kọ̀ọ̀kan: Bẹ̀nẹ̀ 4, Maroc 1.

Nínú ìwé àkọsílẹ̀ bọ́ọ̀lù, eré tó bá parí báyìí, ọ̀mì ni wọ́n ń kọ ọ́ sí. Tirs au but kàn ń yan ẹni tó máa tẹ̀síwájú ni. Nítorí náà, òótọ́ ni Ìyá sọ: àwa la lé Maroc lọ sílé. Òótọ́ sì ni àwọn ọ̀dọ́ sọ: láti 2004 tí a ti kọ́kọ́ lọ CAN, ti Botswana ni ìṣẹ́gun àkọ́kọ́. Ṣé ẹ rí i? Àlàyé yìí ò gbà ju ìṣẹ́jú mélòó kan lọ. Ẹ̀rín ò gbà tó bẹ́ẹ̀, ó sì ti lé èèyàn lọ.

Ọ̀kẹ́rẹ́ àbí Guépard?

Wọ́n tún máa ń fi àwọn àgbà ṣẹ̀sín torí pé wọ́n ṣì ń pe ẹgbẹ́ wa ní Écureuils, ìyẹn Ọ̀kẹ́rẹ́. Ní 2022 ni wọ́n yí orúkọ náà padà sí Guépards, ẹranko tó jọ ẹkùn, tó ń sáré ju gbogbo ẹran orí ilẹ̀ lọ. Ẹni tó ṣì ń sọ pé Ọ̀kẹ́rẹ́ kì í ṣe aláìmọ̀kan. Ó lè ti máa bá ẹgbẹ́ náà bọ̀ kí wọ́n tó bí ẹni tó ń fi í rẹ́rìn-ín.

Ọmọ ìyá wa ní òdìkejì ààlà

Ní tiwa níhìn-ín, ọ̀rọ̀ kan wà tó le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ààlà Nàìjíríà ò jìnnà. Ẹlòmíràn, ará Sakété ni ìyá rẹ̀, ará Ìlaró ni bàbá rẹ̀. Ní 10 oṣù Kẹfà 2024, ní Abidjan, Bẹ̀nẹ̀ na Nàìjíríà 2–1 nínú ìdíje àtilọ sí Coupe du monde. Ní 14 oṣù Kẹwàá 2025, ní Uyo, Nàìjíríà na wa 4–0, ọ̀nà sì dí mọ́ wa. Ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, ẹni tó bá pàtẹ́wọ́ fún òdìkejì, wọ́n á ní: « Ìwọ kì í ṣe ọmọ Bẹ̀nẹ̀. » Ìyẹn kì í ṣe àwàdà mọ́ o. Gernot Rohr, ọmọ Jámánì tó di olùkọ́ Guépards ní 2023, òun náà ló kọ́ Super Eagles ti Nàìjíríà láti 2016 dé 2021. Kò sẹ́ni tó bínú sí i. Kí ló dé tí a fi ń bínú sí ọmọ ìyá wa?

Bí a ṣe lè gba ẹni tuntun

Èkíní, ẹ má fi ìdánwò pàdé rẹ̀. Ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Ẹnìkan wá nítorí Steve Mounié, ẹnìkan wá nítorí ọmọ rẹ̀ tó ń gbá bọ́ọ̀lù nílé ìwé, ẹlòmíràn wá nítorí ariwo àti ẹ̀rín nìkan. Gbogbo wọn ló wọlé.

Èkejì, Faransé ni wọ́n sábà fi ń sọ eré náà lórí tẹlifíṣọ̀n. Ẹni tó bá gbọ́ ọ, kó túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá fún ẹni tó jókòó tì í.

Ẹ̀kẹta, ẹ ṣàlàyé nǹkan kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀kan. Bí wọ́n bá fọn fèrè hors-jeu, ẹ kàn sọ pé: « Kí wọ́n tó gbá bọ́ọ̀lù sí i, ó ti lọ dúró sẹ́yìn àwọn tó ń ṣọ́ ilé. » Ó tó bẹ́ẹ̀. Ìyókù á yé e bó bá yá.

Àwọn àgbà ní abéèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Ṣùgbọ́n bí a bá fi abéèrè ṣẹ̀sín, ilé rẹ̀ ni yóò padà sí.

Ní ti Ìyá wa, a ti lọ bá wọn nílé, a tọrọ àforíjì, a sì ṣàlàyé ọ̀rọ̀ Maroc. Wọ́n gbọ́ ọ tán, wọ́n ní: « Ẹ ṣeun, ẹ̀yin ọmọ mi. Ìgbà wo ni wọ́n tún máa gbá a? »