Ajá Mọ Olówó Rẹ̀

Ọjọ́ tí ajá bá bu ọmọ ọlọ́mọ jẹ ládùúgbò ni a tó ń mọ̀ pé ajá náà kò ní olówó. Kó tó di ọjọ́ náà, gbogbo wa la ni ín. Ìyá alákàrà ní ìkóríta ń ju èyí tó bá jóná sí i. Ọkùnrin tó ń lẹ táyà ń sùn fọnfọn nítorí pé ajá náà ń bá a ṣọ́ ṣọ́ọ̀bù lóru. Àwọn ọmọ ilé ẹ̀yìn ló sọ ọ́ ní Bíńgò, tí wọ́n sì ń gùn ún bí ẹṣin. Ṣùgbọ́n bí eyín bá ti wọ ojúgun ọmọ, tí ẹ̀jẹ̀ yọ, ìbéèrè kan náà ló ń ti ẹnu gbogbo ènìyàn jáde: "Ajá ta ni?" Alákàrà á ní àánú lòun ń ṣe é. Ẹni tó ń lẹ táyà á ní òun kò mọ ibi tó ti wá. Àwọn ọmọ á sá wọlé. Bíńgò á dúró láàárín títì, á máa ju ìrù.

Bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ tí Yorùbá ń lò fún ẹni tó ni ajá wúwo. Olówó ajá ni à ń pè é. Ọ̀rọ̀ yẹn náà ni ìyàwó ń lò bó bá ń ki ọkọ rẹ̀ ní olówó orí òun: ẹni tí owó rẹ̀ wà lórí nǹkan, tí ọ̀ràn nǹkan náà sì wà lọ́rùn rẹ̀. Àwọn àgbà ní bó ti wù kí ajá sínwín tó, ó mọ ojú olówó rẹ̀. A óò padà sórí òwe yìí, nítorí àrùn kan wà tó ń sọ ọ́ di irọ́.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ajá fúnra rẹ̀. Ajá ìbílẹ̀ wa kò ga, kò sì sanra. Irun rẹ̀ kúrú, ó lẹ̀ mọ́ ara. Ó lè pupa bí erùpẹ̀ ọ̀nà oko, ó lè dúdú kirikiri, ó sì lè funfun kí àbàwọ́n wà lára rẹ̀. Etí rẹ̀ nà ṣánṣán, ìrù rẹ̀ ká sókè bí ìkọ́. Eyín 42 ló wà lẹ́nu rẹ̀, mẹ́wàá lé sí ti ènìyàn. Irun kúrú yẹn kò ṣàdédé rí bẹ́ẹ̀ lábẹ́ oòrùn ilẹ̀ yìí. Ajá kì í làágùn káàkiri ara bíi tiwa. Àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan ni òógùn díẹ̀ ti ń yọ. Ẹnu àti ahọ́n ló fi ń lé ooru jáde, ìdí nìyí tí a fi ń rí i tó ń mí hẹlẹhẹlẹ lọ́sàn-án gangan. Ajá Caucasian tí àwọn olówó ń rà báyìí, orí àwọn òkè Caucasus tó tutù nini ni wọ́n ti kó ìran rẹ̀ wá, irun rẹ̀ sì ki bí aṣọ òfì. Ẹni tó bá dè é mọ́ irin géètì n'Ìbàdàn ní oṣù Ẹrẹ̀nà, tí kò gbé omi kalẹ̀ fún un, tí kò sì sí ìbòòji, inú ààrò ló gbé e sí.

Ara ajá tí àlàáfíà wà fún máa ń gbóná ju tiwa lọ díẹ̀: ó máa ń tó 38 sí 39 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́ńtígíréèdì. Nítorí náà, ẹni tó bá gbé ọwọ́ lé e tó ní "ibà ń ṣe é" lè máa tan ara rẹ̀ jẹ. Imú tútù tí wọ́n sì fi ń mọ ajá tí ara rẹ̀ dá, oorun lásán lè gbẹ ẹ́. Èrìgì ni kí ẹ wò. Ẹ rọra gbé ètè rẹ̀ sókè. Bí èrìgì bá pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́, tí ẹ fi ìka tẹ̀ ẹ́ tó funfun, tó sì tún pọ́n padà kí ẹ tó ka ení, èjì, ẹ̀jẹ̀ ń ṣiṣẹ́ rẹ̀. Bó bá funfun bí ẹ̀fun tí ẹ kò tiẹ̀ tíì fọwọ́ kàn án, ẹ má ṣe dúró di ọ̀la.

Ọdẹ kò kàwé kó tó mọ irú àyẹ̀wò báyìí. Imú ajá ló ń bọ́ ọ. Imú tí àwọn onímọ̀ ní ó ní nǹkan bíi 300 mílíọ̀nù ojú ìgbóòórùn, nígbà tí ti ènìyàn kò ju nǹkan bíi mílíọ̀nù mẹ́fà lọ. Àwọn àgbà ní ajá tí yóò sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Lọ́wọ́ ọdẹ, òwe nìkan kọ́. Bó bá fọn fèrè láàárọ̀ tí ajá kò gbé etí, tí ó wo oúnjẹ tó sì gbé ojú kúrò, ọdẹ kò ní mú un lọ sóko lọ́jọ́ náà. Á tú irun rẹ̀ wò, á wo àárín ìka ẹsẹ̀ rẹ̀. Àwọn baba wa a tún máa fi orúkọ ajá pàrokò sí aládùúgbò. Ẹni tó bá sọ ajá rẹ̀ ní Tanímọ̀la tàbí Ṣebíotimọ, bó bá ti ń pè é wálé nírọ̀lẹ́, ẹni tí ọ̀rọ̀ náà bá yóò ti gbọ́. Ajá tí a sọ lórúkọ báyìí, gbogbo ìlú ló mọ ilé rẹ̀.

Oúnjẹ kò fi bẹ́ẹ̀ ṣòro. Ajá ń jẹ ẹ̀bà, ó ń jẹ àmàlà, bí ẹran tàbí ẹja bá wà nínú rẹ̀. Ẹ̀bà lásán lójoojúmọ́ ń kún ikùn ni, kì í ró iṣan. Ẹja ṣàwá tí a bọ̀, tí a sì yọ egungun rẹ̀, dára. Ọbẹ̀ wa gan-an ni kò bá a lára mu, nítorí àlùbọ́sà: tútù ni o, sísè ni o, ó ń ba ẹ̀jẹ̀ ajá jẹ́. Egungun adìyẹ tí a ti sè máa ń fọ́ sí ẹnu ṣóńṣó, ó sì lè gún ìfun. Ṣokoléètì ọmọdé, májèlé ni fún un. Bó bá sì ń ṣàìsàn, ẹ má ṣe lo paracetamol tàbí ibuprofen tó wà nínú dúrọ́ọ̀ yín fún un. Oògùn tó ń wo orí wa sàn lè ba kíndìnrín ajá jẹ́. Omi tó mọ́ kò gbọdọ̀ wọ́n láàárọ̀ àti lálẹ́.

Eégbọn ni ọ̀tá tó sún mọ́ ajá jù. Inú etí, abẹ́ ọrùn àti àárín ìka ẹsẹ̀ ló ń farapamọ́ sí, á mu ẹ̀jẹ̀ títí á fi wú bí hóró ẹ̀wà. Ẹ̀jẹ̀ tó ń mu kọ́ ni ewu tó tóbi jù. Kòkòrò kan tí ojú lásán kò lè rí, Babesia, ń gba ẹnu eégbọn wọ inú ẹ̀jẹ̀ ajá, á máa fọ́ ẹ̀jẹ̀ náà. Á rẹ ajá, èrìgì rẹ̀ á funfun, ìtọ̀ rẹ̀ lè pọ́n bí omi sobo. Láti lé eégbọn, àwọn kan ń da òtàpíàpíà sí ajá lára. Àwọn mìíràn ń fi kẹrosíìnì tàbí ọ́ìlì dúdú tí mẹkáníìkì dà nù pa èkúrú ara rẹ̀. Wọ́n gbàgbé pé ohun tí a bá fi pa ajá lára, ahọ́n rẹ̀ ni yóò fi lá a. Eégbọn á kú, ajá náà á tẹ̀ lé e. Dókítà ẹran ní oògùn tí a ń fi wẹ̀ ẹ́, ó ní èyí tí a ń kán sí ẹ̀yìn ọrùn, ó sì ní èyí tí ajá ń gbé mì. Ibùsùn rẹ̀ sì ń kọ́? Inú ihò ògiri ni eégbọn ń yé ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹyin sí. Ẹni tó wẹ ajá tí kò gbá ilé ajá, omi ló ń fi agbọ̀n pọn.

Aràn ní tirẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ láti inú ìyá. Ọmọ ajá lè gbà á nínú ọmú, nítorí náà ọ̀sẹ̀ méjì péré ni kó pé kí a tó bẹ̀rẹ̀ oògùn aràn. Ọ̀sẹ̀ méjìméjì títí dé ọ̀sẹ̀ kẹjọ, lẹ́yìn náà oṣooṣù títí tó fi pé oṣù mẹ́fà. Èyí tó bá ti dàgbà, oṣù mẹ́ta-mẹ́ta. Kì í ṣe nítorí ajá nìkan o. Ẹyin aràn ajá wà nínú ìgbẹ́ rẹ̀. Ọmọ tó ń fi ìka yẹpẹ̀ sẹ́nu lè gbé e mì. Kíkó ìgbẹ́ ajá kúrò ní àgbàlá, ìtọ́jú ọmọ ẹni ni.

Àwọn àgbà tún ní ajá tó lẹ́ni lẹ́yìn ní í pa ọ̀bọ. Ọ̀bọ tí ọmọ ajá ń bá jà kò sí lórí igi. Parvo ni èyí tó burú jù níbẹ̀, àrùn tí ayé kò tíì mọ̀ nínú ajá kó tó di nǹkan bí ọdún 1978, tó sì tàn ká gbogbo àgbáyé láàárín ọdún díẹ̀. Ọmọ ajá tó ń ṣeré lánàá á bẹ̀rẹ̀ sí í bì, ìgbẹ́ rẹ̀ á di ẹ̀jẹ̀, òórùn rẹ̀ á gba ilé kan. Láàárín ọjọ́ méjì sí mẹ́ta ó lè ti lọ. Àrùn náà lè wà nínú ilẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù, ọṣẹ lásán kì í pa á, àfi omi bulíìṣì. Ìdí nìyí tí kò fi dára kí ẹni tí ọmọ ajá kú mọ́ lọ́wọ́ sáré ra òmíràn sí ojú kan náà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ ni àjẹsára ń bẹ̀rẹ̀, a ó sì tún un gún ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta-mẹ́ta tàbí mẹ́rin-mẹ́rin títí dé ọ̀sẹ̀ kẹrìndínlógún. Ẹni tó bá gún ẹyọ kan tó ní ó ti tó, ó kọ́ ilé, kò kan ilẹ̀kùn.

Àbọ̀ wá sórí òwe ajá tó sínwín. Dìgbòlugi: orúkọ náà ń júwe ara rẹ̀, ajá tó ń sáré títí tó fi ń dìgbò lu igi. Inú itọ́ ni àrùn náà wà. Bí eyín bá ti gbé e wọ ara, á máa tọ iṣan ìmọ̀lára díẹ̀díẹ̀ lọ sí ọpọlọ. Ó sábà máa ń gba oṣù méjì sí mẹ́ta nínú ènìyàn, nígbà mìíràn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ajá tó máa ń yọ̀ mọ́ni á bẹ̀rẹ̀ sí í sá pamọ́. Èyí tó ń tijú á di aláìbẹ̀rù. Á máa jẹ igi, á máa jẹ òkúta, ohùn rẹ̀ á yí padà. Nígbà mìíràn kì í tiẹ̀ sáré: àgbọ̀n rẹ̀ á kàn já sílẹ̀, itọ́ á máa ṣàn, olówó rẹ̀ á rò pé egungun há a lọ́fun, á sì ti ọwọ́ bọ̀ ọ́ lẹ́nu. Ajá tó mọ olówó rẹ̀ láti ọjọ́ yìí wá lè bu ọwọ́ náà jẹ. Àrùn tó sọ òwe di irọ́ nìyẹn.

Nínú ọgọ́rùn-ún ènìyàn tí dìgbòlugi ń pa lágbàáyé, Àjọ Ìlera Àgbáyé ní nǹkan bí 99 ló jẹ́ pé ajá ló kó o ràn wọ́n. Bí àmì bá ti hàn lára ènìyàn, tó ń bẹ̀rù omi, ikú ló kù. Ṣùgbọ́n kí àmì tó hàn, àyè wà. Ọjọ́ 6, oṣù keje, ọdún 1885 ni Louis Pasteur bẹ̀rẹ̀ sí í gún Joseph Meister, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án tí ajá dìgbòlugi bù jẹ, ní abẹ́rẹ́ ní Paris. Ọmọ náà yè. Títí di òní, abẹ́rẹ́ kí àmì tó hàn ṣì ni ọ̀nà àbáyọ. Ẹ fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú ọgbẹ́ fún ìṣẹ́jú 15 gbáko. Ẹ má fi epo pupa dí i, ẹ má dúró de àgbo. Ẹ gba ilé ìwòsàn lọ fún abẹ́rẹ́ lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ má sì pa ajá náà jù sígbó, bí ọwọ́ bá lè tẹ̀ ẹ́ láìséwu: kí dókítà ẹran tì í mọ́lé, kó máa ṣọ́ ọ fún ọjọ́ mẹ́wàá. Bí ara rẹ̀ bá dá lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́wàá, kò sí dìgbòlugi nínú itọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ tó bu ọmọ jẹ.

Abẹ́rẹ́ kan fún ajá nígbà tó bá pé oṣù mẹ́ta, àtúngún lọ́dọọdún: ohun tó ń dí ọ̀nà mọ́ gbogbo ìyẹn nìyẹn. Iléeṣẹ́ ìwádìí àìsàn ẹran ìjọba àpapọ̀, èyí tó ti wà ní Vom, ní Plateau, láti ọdún 1924, ń ṣe abẹ́rẹ́ náà nílẹ̀ yìí. Bí ajá 70 nínú ọgọ́rùn-ún bá gbà á ládùúgbò kan, àrùn náà kì í ríbi gbà mọ́. Àwọn alápatà ajá lápá Oǹdó àti Èkìtì, níbi tí ajá ti jẹ́ oúnjẹ Ògún, tó tún jẹ́ oúnjẹ ènìyàn, ni ó yẹ kó kọ́kọ́ gbọ́ èyí, nítorí ọwọ́ wọn ń kan itọ́ àti ọpọlọ ajá tí ẹnikẹ́ni kò mọ ibi tó ti wá.

Ibi tí ajá bẹ́ẹ̀ ti ń wá kò ṣòkùnkùn. Abo ajá ń wá akọ ní nǹkan bí ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún, nǹkan bí ọjọ́ 63 ló sì fi ń lóyún. Ẹni tí kò fẹ́ ọmọ, tí kò tẹ ajá rẹ̀ lọ́dàá, tí kò sì tì í mọ́lé lásìkò náà, títì ló ń bímọ fún. Ajá kì í roro kó ṣọ́ ojúlé méjì, ṣùgbọ́n Bíńgò ń ṣọ́ mẹ́ta, kò sì sí ìkankan nínú wọn tó mú un lọ gún abẹ́rẹ́.

Nítorí náà ni "Ajá ta ni?" fi ń pẹ́ kó tó rí ìdáhùn. Káàdì àjẹsára, okùn ọrùn, owó ọkọ̀ ọmọ dé ilé ìwòsàn: ìdáhùn náà ní ìnáwó. Ó tún ní ìtìjú díẹ̀. Ilẹ̀ á ṣú, èrò á tú, ìyá ọmọ á gbé ọmọ rẹ̀ lọ. Nígbà tí kò bá sí ẹnikẹ́ni ní títì mọ́, Bíńgò á dìde, á gbọn ara, á kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù, á kọjá níwájú ìkòkò àkàrà, á lọ dùbúlẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà ilé kan ṣoṣo. Ibẹ̀ ló ń sùn láti ọjọ́ tó ti wà ládùúgbò. Onílé náà wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó gbọ́ ìró èékánná rẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì.