Rọ́bà Ìdáàbòbò: Bí A Ṣe Ń Lò Ó

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa, ẹ má bínú, ọ̀rọ̀ inú yàrá la fẹ́ sọ lóṣù yìí. Láàárín àwọn ọdún 1980, àwọn dókítà UCH kọ́ àwọn ìyá ọlọ́jà nílùú Ìbàdàn níbí láti máa ta rọ́bà ìdáàbòbò mọ́ ọjà wọn. Rírà rẹ̀ kò ṣòro mọ́, lílò rẹ̀ ló kù. Ẹni tó ń rìnrìn àjò ọjà, tó sì ní ìyàwó nílé, ọ̀rọ̀ yìí kàn án: éèdì àti àtọ̀sí kì í dúró lọ́nà.

Ẹ wo ọjọ́ tí yóò bàjẹ́ lára ọ̀rá rẹ̀. Èyí tí oòrùn ti ń pa lórí àtẹ ní Ọjà'ba, ẹ má rà á. Ọwọ́ ni kí ẹ fi ya ọ̀rá náà, kì í ṣe eyín. Nǹkan ọkùnrin gbọ́dọ̀ ti le, kó má sì tíì kan obìnrin rárá. Ẹ fi ìka méjì tẹ ṣóńṣó rọ́bà pọ̀ kí afẹ́fẹ́ má bàa há síbẹ̀, kí ẹ wá yí i sísàlẹ̀ títí dé ìdí.

Òróró, òrí àti vaseline ń ba rọ́bà jẹ́. Ibẹ̀ lọ̀pọ̀ ti ń ṣì í, tó bá bẹ́ tán, wọ́n á ní rọ́bà ò dáa. Ẹ má wọ méjì lórí ara wọn.

Bó bá ti dà, kí ọkùnrin di ẹnu rọ́bà mú, kó fà á jáde kó tó rọ̀. Ẹ wé e sínú bébà, ẹ jù ú sí ààtàn. Ẹ má fọ̀ ọ́ tún lò o!