Kì í Ṣe Gbogbo Ojú Tí Ó Pọ́n Ni Ibà: Ohun Tí Àyẹ̀wò Ẹ̀jẹ̀ Ń Sọ Nípa Ẹ̀dọ̀

Nígbà tí ẹyinjú ènìyàn bá pọ́n rúsúrúsú, tí ìtọ̀ rẹ̀ sì ṣókùnkùn bí omi àgbo, kíá ni àwọn ará ilé yóò ti pe orúkọ àìsàn náà: ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ ni. Wọn yóò wá ewé dógóyárò àti èèpo ọ̀pẹ̀yìnbó, wọn yóò gbé ìkòkò ka iná. Orúkọ náà kò burú, nítorí ohun tí ojú rí ni ó sọ. Ṣùgbọ́n àwọn àrùn tí kò bá ara wọn tan ni ó ń pọ́n ojú bẹ́ẹ̀, ìtọ́jú ọ̀kan kò sì jẹ́ ti èkejì. Ibi tí àyẹ̀wò ẹ̀dọ̀ ti wúlò nìyí.

Sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀ a máa gbó lẹ́yìn nǹkan bí 120 ọjọ́. Nígbà tí ó bá fọ́, èròjà aláwọ̀ ìyeyè kan tí à ń pè ní bilirúbìn a ti inú rẹ̀ wá. Ẹ̀dọ̀ ni ó ń gba èyí, tí ó ń pa á dà, tí ó sì ń dà á pọ̀ mọ́ òróòro tí ń gba ojú ọ̀nà tóóró kan ṣàn lọ sínú ìfun. Òun ni ó ń fún ìgbẹ́ ní àwọ̀ rẹ̀. Nítorí náà, bí ojú bá pọ́n, ó lè jẹ́ pé sẹ́ẹ̀lì pupa ń fọ́ ju bí ó ti yẹ lọ. Ó lè jẹ́ pé ẹ̀dọ̀ fúnra rẹ̀ ni ó ń ṣàìsàn. Ó sì lè jẹ́ pé ọ̀nà òróòro ni ó dí.

Ti àkọ́kọ́ wọ́pọ̀ lára àwọn alárùn fòníkú-fọ̀ladìde. Bilirúbìn tí ẹ̀dọ̀ kò tíì pa dà ni yóò pọ̀ lórí ìwé àyẹ̀wò wọn, irú èyí kì í sì í bá ìtọ̀ jáde. Ẹ̀dọ̀ wọn lè má ní àbùkù kankan.

Bí ó bá jẹ́ ẹ̀dọ̀ ni ó ń ṣàìsàn, àwọn ẹ́ńsáìmù méjì tí wọ́n ń kọ ní ALT àti AST ni yóò sọ ọ́. Inú sẹ́ẹ̀lì ẹ̀dọ̀ ni wọ́n ń gbé. Bí sẹ́ẹ̀lì náà bá bàjẹ́, wọn a tú sínú ẹ̀jẹ̀ bí epo ti í tú láti inú kèrègbè tí ó fọ́. Ní ọ̀pọ̀ ilé àyẹ̀wò, ALT ẹni tí ara rẹ̀ dá kì í ju nǹkan bí 40 yúnìtì lọ. Bí àrùn mẹ́dọ̀wú bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kọlu ènìyàn, ó lè lé ní 1,000. Bí ó bá jẹ́ ọtí ni ó ba ẹ̀dọ̀ jẹ́, AST sábà máa ń tó ìlọ́po méjì ALT tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n kì í sábà ga ju 300. Kí òǹkàwé fiyè sí i pé iṣan ara pẹ̀lú ní AST, nítorí náà òun nìkan kò tó ẹ̀rí.

Bí ó bá jẹ́ ọ̀nà òróòro ni ó dí, èyí tí wọ́n ń kọ ní ALP ni yóò gòkè jù. Aláìsàn náà a máa họ ara, ìgbẹ́ rẹ̀ a sì funfun bí ẹfun. Òkúta inú àpò òróòro lè fà á. Jẹjẹrẹ pẹ̀lú lè fà á. Níhìn-ín ni àgbo ti ń ṣe ibi jù lọ, nítorí oṣù tí a fi ń sè é ni oṣù tí a kò fi dé ọ̀dọ̀ oníṣẹ́ abẹ. Alárùn fòníkú-fọ̀ladìde gan-an kò bọ́ níbẹ̀, torí bilirúbìn tí ó ń pọ̀ jù lára rẹ̀ a máa di òkúta. Egungun náà ń pèsè ALP, nítorí náà ti ọmọ tí ń dàgbà lè ga láìsí àrùn, bẹ́ẹ̀ náà ni ti aboyún. Dókítà a wá wo GGT, èyí tí kì í ti inú egungun wá.

Ohun tí ó ń ṣi ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́nà ni pé wọ́n rò pé iye kékeré ni ìlera. Kèrègbè tí epo inú rẹ̀ ti tán kò ní ohun tí yóò tú jáde mọ́. Ẹ̀dọ̀ tí ó ti gbẹ, tí ó ti le, lè mú ALT tí ó dára wá. Bí ALT bá ń wálẹ̀ nígbà tí ojú ń pọ́n sí i, tí ẹ̀jẹ̀ kò sì tètè dì mọ́, ewu ńlá ni. Dídì ẹ̀jẹ̀ àti albúmìn ni ó ń fi agbára ẹ̀dọ̀ hàn. Dókítà lè fún aláìsàn ní abẹ́rẹ́ fítámì K: bí ẹ̀jẹ̀ bá padà ń dì dáadáa, ó sábà jẹ́ pé ọ̀nà òróòro ni ó dí; bí kò bá padà, ẹ̀dọ̀ ni agbára rẹ̀ ti tán.

Mẹ́dọ̀wú B tún ní àrékérekè tirẹ̀. Ó lè bá ènìyàn gbé fún ọ̀pọ̀ ọdún láìjẹ́ pé ALT ga, láìjẹ́ pé ojú pọ́n. Ìwádìí ìjọba àpapọ̀ ní 2018 fi hàn pé nǹkan bí 8 nínú 100 àgbàlagbà ní Nàìjíríà ni ó ní in. Àyẹ̀wò ọ̀tọ̀ tí wọ́n ń pè ní HBsAg ni ó ń tú u fó. Ohun tí àyẹ̀wò yìí ń wá ni Baruch Blumberg, ará Amẹ́ríkà, kọ́kọ́ rí nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ ìbílẹ̀ Australia kan, tí ó sì gba Ẹ̀bùn Nobel fún iṣẹ́ náà ní 1976.

Ẹni tí ó bá ń lọ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀dọ̀, kí ó ka gbogbo ohun tí ó ń lò fún dókítà, àti àgbo àti parasitamó, nítorí àpọ̀jù parasitamó nìkan tó láti gbé ALT kọjá 1,000. Ọmọ tuntun sì ní abẹ́rẹ́ àjẹsára mẹ́dọ̀wú B tirẹ̀ láti gbà láàárín wákàtí 24 tí a bí i.