Ọmọ Tó Fi Ẹ̀sìn Sílẹ̀ Kò Fi Ilé Sílẹ̀

Nínú àwọn ọ̀rọ̀ tó ń tú ẹbí ká nílẹ̀ Yorùbá lóde òní, ti ọmọ tó dàgbà tán tó ní òun kò ṣe ẹ̀sìn àwọn òbí òun mọ́ wà lára èyí tó le jù. Ọmọ ààfáà di ajíhìnrere. Ọmọ pásítọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kírun. Ọmọ díákónì lọ tẹ̀fá, òmíràn sì ní òun kò ṣe ẹ̀sìn kankan. Òbí á sunkún, wọ́n á pe ìpàdé ẹbí, àwọn kan á tiẹ̀ ní kí ọmọ náà lọ wá ẹlòmíì pè ní bàbá. Ohun tí mo fẹ́ fi yé wa ni pé ẹ̀sìn òbí yàtọ̀ sí ilé òbí. Ọmọ tó ti bàlágà ní ẹ̀tọ́ láti fi ẹ̀sìn sílẹ̀ bí ọkàn rẹ̀ bá darí síbòmíràn. Ilé ni kò gbọdọ̀ fi sílẹ̀, òbí náà kò sì gbọdọ̀ tìtorí ẹ̀sìn lé e jáde níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wo ibi tí a ti wá. Ìsìláàmù ti wà láwọn ìlú wa kan kí àwọn míṣọ́nnárì tó dé Àgbádárìgì lọ́dún 1842, ṣùgbọ́n òrìṣà ni ọ̀pọ̀ jù lọ ènìyàn ṣì ń bọ. Lẹ́yìn ìyẹn ni nǹkan yí padà kíákíá. Àwọn Ìjẹ̀bú kò fún míṣọ́nnárì láyè títí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ṣẹ́gun wọn lógun Ìmàgbọn lọ́dún 1892. Kò pẹ́ lẹ́yìn ogun yẹn tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ lọ sí mọ́ṣáláṣí àti ṣọ́ọ̀ṣì, tí ọmọ ń fi òrìṣà bàbá rẹ̀ sílẹ̀ lójú bàbá náà. Nítorí náà, bí bàbá kan tó jẹ́ Kìrìsìtẹ́nì tàbí Mùsùlùmí lónìí bá ka ìran rẹ̀ sẹ́yìn, kò ní kà á jìnnà kó tó kan ẹnì kan tó wo ojú òbí tirẹ̀ tó ní òun kò bọ òrìṣà ilé mọ́. Ìwà tó ń torí rẹ̀ bá ọmọ wí, òun gan-an ló gbé ẹ̀sìn tó ń gbèjà wọ ilé rẹ̀.

Kí ẹ̀sìn méjèèjì tó dé pàápàá, ilé Yorùbá kì í ṣe ilé ẹ̀sìn kan ṣoṣo. Bí wọ́n bá bímọ, wọ́n á dá Ifá ìkọsẹ̀dáyé fún un, Ifá sì lè sọ pé òrìṣà tí yóò bọ yàtọ̀ sí ti bàbá rẹ̀. Ìyàwó tó ń wọlé ọkọ lè gbé òrìṣà tirẹ̀ dání. Nínú agbo ilé kan, bàbá lè jẹ́ oníṣàngó, kí ìyá jẹ́ ọlọ́ya, kí ọmọ wọn sì jẹ́ ọlọ́bàtálá, kí wọ́n jọ máa jẹun ọdún ara wọn. Ohun tó so wọ́n pọ̀ ni oríkì orílẹ̀, ilẹ̀ oko, ìjókòó ẹbí, àti bí wọ́n ṣe ń sin òkú wọn. Àṣà ogún pínpín wa fi èyí hàn kedere. Yálà ìdí igi ni wọ́n fi pín in, ìyẹn iye ìyàwó tó bímọ fún olóògbé, tàbí orí ò jorí, iye àwọn ọmọ fúnra wọn, kò sẹ́ni tó ń bi ọmọ léèrè ohun tó ń sìn kó tó gba ìpín rẹ̀. Kì í ṣe pé àwọn àgbà gbàgbé láti béèrè. Ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n mọ̀ pé ó ń jogún.

Èyí kò ní ká purọ́ pé gbogbo rẹ̀ lọ nírọ̀rùn. Ní Abẹ́òkúta lọ́dún 1849, wọ́n de àwọn onígbàgbọ́ tuntun mọ́lẹ̀, wọ́n sì nà wọ́n, nítorí wọ́n gbà pé bí àwọn yẹn ṣe pa ètùtù tì yóò kó bá gbogbo ìlú. Ṣùgbọ́n nínú ìlú yẹn kan náà, ọdún mẹ́ta péré ṣáájú, ni Samuel Àjàyí Crowther ti tún fojú kan ìyá rẹ̀, lẹ́yìn nǹkan bí ọdún 25 tí wọ́n ti kó o lẹ́rú. Wọ́n ti ṣe ìrìbọmi fún Àjàyí ní Sàró lọ́dún 1825, ó sì ti di àlùfáà Áńgílíkà lọ́dún 1843. Olórìṣà ni ìyá rẹ̀. Ọdún 1848 ni òun náà tó ṣe ìrìbọmi, tó gba orúkọ Hannah. Ìrìbọmi yẹn ni àwọn oníwàásù máa ń tẹnu mọ́. Èmi ń wo àkókò tó ṣáájú rẹ̀. Ó lé lọ́dún kan tí àlùfáà àti olórìṣà fi jẹ́ ìyá àti ọmọ láìjẹ́ pé ẹ̀sìn wọn bára mu. Àjàyí kò dúró dìgbà tí ìyá bá yí padà kó tó mọ̀ ọ́n níyàá, ìyá kò sì ní àfi bí ọmọ bá bọ́ aṣọ àlùfáà sílẹ̀.

Nǹkan kan tún wà tí a kì í fẹ́ wò. A máa ń sọ pé obìnrin ò lẹ́sìn, ẹ̀sìn ọkọ ni tirẹ̀. Ọmọbìnrin tó ka kéwú dàgbà á fẹ́ Kìrìsìtẹ́nì, wọ́n á ṣe ìrìbọmi fún un kó tó di ọjọ́ ìgbéyàwó. Ọmọ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì á fẹ́ Alhaji, wọ́n á fún un lórúkọ mìíràn, ẹbí á sì jó níbi ìyàwó. Kì í ṣe gbogbo ilé ló rí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ó pọ̀. Ẹ wá jẹ́ kí ọmọkùnrin ilé náà kàwé, kó ronú, kó yí padà nítorí pé ohun tó kà dá a lójú, ariwo á ta. Ẹni tó yí padà láìsí ìgbàgbọ́ là ń fún lẹ́bùn. Ẹni tó yí padà nítorí ìgbàgbọ́ là ń lé jáde. Bó bá jẹ́ pé ọ̀rọ̀ Ọlọ́run ló ń dùn wá, ti ọmọbìnrin yẹn ni à bá kọ́kọ́ sunkún lé lórí. Ohun tó ń dùn wá gan-an ni pé ọmọ dá ìpinnu ṣe láìgbàṣẹ. Ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn ọkọ yẹn kì í sì í ṣe òfin Ọlọ́run: Ìsìláàmù gba ọkùnrin Mùsùlùmí láyè láti fẹ́ Kìrìsìtẹ́nì láìjẹ́ pé obìnrin náà yí padà. Mùsùlùmí ni Bọ́lá Tinúbú, ìyàwó rẹ̀ Olúrẹ̀mí sì di pásítọ̀ nínú ìjọ Ìràpadà lọ́dún 2018.

Òbí olùfọkànsìn á ní Ọlọ́run yóò bi òun léèrè ọmọ òun. Ọ̀rọ̀ ńlá ni, n kò sì fojú kéré rẹ̀. Bíbélì àti Alùkùránì ló pàṣẹ pé kí òbí kọ́ ọmọ. Ṣùgbọ́n kíkọ́ ni àṣẹ náà. Ibi tí agbára òbí mọ nìyẹn. Ẹ tún wo ohun tí Alùkùránì sọ nípa ọmọ tí òbí rẹ̀ ń fipá fà sínú ìbọ̀rìṣà, nínú súrà Luqman, ẹsẹ 15: kó má gbọ́ tiwọn lórí ìyẹn, àmọ́ kó máa bá wọn gbé pẹ̀lú inú rere láyé. Ìyàtọ̀ ẹ̀sìn àti ilé tí mò ń sọ wà níbẹ̀. Jésù náà, nínú Máàkù orí 7, bá àwọn tó ń fi ohun tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún Ọlọ́run bojú láti má tọ́jú bàbá àti ìyá wọn wí gidigidi. Òótọ́ ni pé ó tún béèrè pé kí ọmọ ẹ̀yìn fẹ́ràn òun ju òbí lọ. Ìyẹn gba ọmọ láyè láti tẹ̀lé e. Kò gbà á láyè láti pa òbí tì.

Àwọn mìíràn á ní kì í ṣe ìgbàgbọ́ ló mú àwọn ọmọ ayé ọjọ́un lọ, ilé ìwé àti iṣẹ́ ìjọba ni. Ó rí bẹ́ẹ̀ fún púpọ̀ nínú wọn. Ọwọ́ míṣọ́nnárì ni ìwé kíkà wà, ọmọ Mùsùlùmí tó bá wọ ilé ìwé wọn sì lè jáde pẹ̀lú ẹ̀sìn mìíràn. Ẹ wo ohun tí àwọn Mùsùlùmí Èkó ṣe sí i. Lọ́dún 1923, wọ́n dá ẹgbẹ́ Ansar-ud-Deen sílẹ̀, ẹgbẹ́ náà sì kọ́ ilé ìwé kí ọmọ lè mọ̀wé láì pa ìrun tì. Ìdí tí ọmọ fi ń lọ ni wọ́n wá nǹkan ṣe sí. Wọn kò de ọmọ mọ́lẹ̀. Ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999 náà tọ ọ̀nà yìí ní abala 38. Ilé ìwé kò lè fipá kọ́ ọmọ ní ẹ̀sìn tí òbí rẹ̀ kò fọwọ́ sí, abala yẹn kan náà ló sì fún olúkúlùkù lẹ́tọ̀ọ́ láti yí ẹ̀sìn rẹ̀ padà.

Àtakò tó wọ̀ mí lọ́kàn jù ni ti àwọn oníṣẹ̀ṣe. Bí ọmọ bá ń lọ ṣáá, ta ni yóò kù láti ki Ifá? Ẹsẹ Ifá tí a kò bá kọ́ ọmọ lè bá babaláwo wọ sàréè, àdánù náà yóò sì kan gbogbo Yorùbá, Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́nì. Síbẹ̀, ẹ wo àwọn tó padà wá. Ọmọ ọ̀gá ilé ìwé Áńgílíkà ní Aké ni Wọlé Ṣóyínká. Ó fi ẹ̀sìn òbí rẹ̀ sílẹ̀, ó sì mú Ògún ní òrìṣà tó ń tọ́ iṣẹ́ rẹ̀ sọ́nà. Àlùfáà ni bàbá Fẹlá, àlùfáà ni bàbá bàbá rẹ̀. Fẹlá yọ Ransome kúrò lára orúkọ rẹ̀, ó fi Aníkúlápó rọ́pò rẹ̀, ó sì kọjú sí òrìṣà. Ní Kúbà, ọ̀pọ̀ tí òbí wọn kò bọ òrìṣà rí ló ti gba òrìṣà sórí, nítorí pé ẹ̀sìn náà kò béèrè pé kí wọ́n bí ènìyàn sínú rẹ̀. Bí kò bá sí ẹ̀tọ́ láti fi ẹ̀sìn òbí sílẹ̀ ni, kò sí ìkankan nínú àwọn wọ̀nyí tí ì bá dé ìdí òrìṣà.

Ọ̀rọ̀ mi sí ọmọ tó ti lọ le díẹ̀. Àwọn kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yí padà á dáná sun ère tó jẹ́ ti gbogbo ẹbí, wọ́n á máa pe oríkì ìdílé ní ohun èṣù, wọn kò sì ní yọjú síbi ìsìnkú bàbá nítorí pé ààfáà ni yóò kírun sí òkú lára. Ère yẹn kì í ṣe tiwọn nìkan. Oríkì kì í bọ nǹkan kan. Ìtàn àwọn tó bí wọn ni. Ọjọ́ ikú sì ni ìjà yìí máa ń gbóná jù, bẹ́ẹ̀ ètò rẹ̀ kò le bí wọ́n bá ti sọ ọ́ ṣáájú. Kí bàbá tó jẹ́ Mùsùlùmí sọ létí gbogbo ọmọ pé ìlànà Ìsìláàmù ni kí wọ́n fi sin òun. Kí ọmọ tó di Kìrìsìtẹ́nì má ṣe gbé òkú náà lọ mọ́ṣúárì nítorí ìsìn ìdágbére, kó sì dá owó tirẹ̀ síbi ìsìnkú àti fídáù. Ní ti ogún, òfin Ìsìláàmù kò bá àṣà wa dọ́gba: kì í jẹ́ kí ẹni tí kì í ṣe Mùsùlùmí jogún Mùsùlùmí, èyí sì máa ń dá ọgbẹ́ sọ́kàn àwọn ọmọ. Ṣùgbọ́n ó gba bàbá láyè láti fi ìwé ìhágún yan ohun tí kò ju ìdá kan nínú mẹ́ta dúkìá rẹ̀ lọ fún ẹni tí kò sí lára àwọn ajogún. Bàbá tó bá fẹ́ kí ọmọ tó ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì ní ìpín lè kọ ọ́ síbẹ̀, kó pe ẹlẹ́rìí sí i, kó sì jẹ́ kí àwọn ọmọ yòókù gbọ́ ọ lẹ́nu òun fúnra rẹ̀.