Ìrọ̀rùn Owó Orí fún Ẹni tí ń Kọ́lé àti fún Ayálégbé

Ẹ̀yin ará Fate ní Ìlọrin, àwọn àgbà ní ilé ni àbọ̀ sinmi oko. Ní àdúgbò yín, ẹni tí ń kọ́lé àti ayálégbé jọ ń gbé pọ̀ ni, òfin owó orí tuntun sì ṣe ìrọ̀rùn fún àwọn méjèèjì. Oṣù kẹfà ọdún 2025 ni Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú fọwọ́ sí òfin náà, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2026. Ṣùgbọ́n àwọn kan rò pé owó ni Ìjọba yóò kà lé wọn lọ́wọ́. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá.

Kí a tó ṣírò owó orí ẹnikẹ́ni, òfin ní kí a kọ́kọ́ yọ àwọn ìnáwó kan kúrò nínú owó tí ń wọlé fún un lọ́dún. Èkíní ni èlé orí owó tí ó yá láti fi kọ́ ilé tí òun fúnra rẹ̀ ń gbé. Èlé nìkan ni a ń yọ, a kì í yọ ojú owó. Ilé tí a kọ́ fún àwọn ayálégbé kò sì sí nínú rẹ̀. Èkejì ni owó tí òṣìṣẹ́ ń dá sí Àpò Owó Ilé ti Orílẹ̀-èdè, èyí tí òfin ọdún 1992 dá sílẹ̀. Ẹ̀kẹta ni ti ayálégbé: ìdá kan nínú márùn-ún owó ilé tí ó san lọ́dún, bí kò bá ti ju ₦500,000 lọ.

Ẹ jẹ́ kí a wo òṣìṣẹ́ kan tí ₦3,000,000 ń wọlé fún lọ́dún. A kì í gba owó orí lórí ₦800,000 àkọ́kọ́. Lórí ₦2,200,000 tí ó kù, náírà 15 ni a ń gbà nínú ọgọ́rùn-ún kọ̀ọ̀kan, èyí tí ó jẹ́ ₦330,000. Bí ó bá san èlé ₦300,000 lórí owó tí ó fi kọ́lé, owó orí rẹ̀ yóò di ₦285,000. Ìrọ̀rùn tí ó rí jẹ́ ₦45,000. Bí ó bá jẹ́ ayálégbé tí ń san ₦600,000 lọ́dún, ₦120,000 ni a ó yọ, ìrọ̀rùn rẹ̀ yóò sì jẹ́ ₦18,000.

Ní Amẹ́ríkà ní ọdún 2009, ọ̀nà mìíràn ni wọ́n gbà. Inú owó orí gan-an ni wọ́n ti yọ tó dọ́là 8,000 fún ẹni tí ó ra ilé fún ìgbà àkọ́kọ́. Bí owó orí rẹ̀ kò bá tó bẹ́ẹ̀, ìjọba san ìyókù fún un. Irú èyí kọ́ ni tiwa.

Nítorí náà, ẹni tí owó ọdún rẹ̀ kò ju ₦800,000 lọ kò ní owó orí tí a ó dín fún un. Kí ẹnikẹ́ni má sì tìtorí ìrọ̀rùn yìí yá owó tí apá rẹ̀ kò ká. Ẹni tí ó san èlé ₦300,000 tí ó sì rí ìrọ̀rùn ₦45,000, ₦255,000 ṣì jáde nínú àpò rẹ̀.

Ẹ gba rìsíìtì lọ́wọ́ onílé, ẹ gba ìwé èlé lọ́wọ́ báǹkì, kí ẹ sì tọ́jú wọn dáadáa. Kí òṣìṣẹ́ kó tirẹ̀ fún akọ̀wé owó níbi iṣẹ́ rẹ̀. Kí oníṣẹ́ ọwọ́ àti oníṣòwò kó tiwọn lọ sí ọ́fíìsì owó orí Ìpínlẹ̀ Kwara. Ẹni tí kò ní ìwé lọ́wọ́ kò ní ohun tí yóò fi gbèjà ara rẹ̀.